Èlé orí gbèsè tí mo ti san

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní báńkì ní Dùgbẹ̀ báyìí ni. Ẹ̀gbẹ́ Cocoa House ni mo dúró sí, tí mò ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí owó he. Owó ara mi sì ni o! ₦11,400 tí wọ́n yọ, tí wọ́n pè ní èlé orí kírẹ́díìtì káàdì mi, ni wọ́n dá padà.

Mo ti san gbogbo gbèsè oṣù náà, mi ò ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù. Ọjọ́ Ẹtì ni mo san án, ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ni wọ́n bá ní mo ti pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè wọ́n. Orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí.

Lónìí, mo gbé ẹ̀rí ìsanwó síwájú ọmọbìnrin kan níbẹ̀. Mo ní tí wọn ò bá yanjú ẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Báńkì Àpapọ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó fa bírò pupa yọ, ó fi fa òbìrìkítí yí déètì orí ìwé náà po, ẹ̀ẹ̀mejì, ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Òbìrìkítí pupa yẹn ṣì wà lójú mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pariwo, bírò ló parí ẹ̀!

Ìyá mi ní Gbági ní ṣebí òun ti wí, pé sogúndogójì ni káàdì yẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ti ṣẹlẹ̀ sí? Ṣé wọ́n dá tiyín padà?