Ohun tó wà nínú ike tìróò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kó má wulẹ̀ yọjú sí yàrá tí àwọn ẹ̀rọ wà. Kó dúró ti tábìlì kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà láàbù wa, níbi tí a ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé omi kànga wá nínú ìgò mínírà tó ṣì ń ta sánsán ọsàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé búrẹ́dì wá, epo pupa, iyọ̀ tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá lọ́jà Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta níbí. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá: "Ṣé ó dáa?"

Èmi náà á wá bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ta ló ń mu ún? Ìgbà wo lẹ fà á? Ṣé ẹ jẹ́ kó dà nù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ìgò sí i? Ìgò yìí, kí ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Inú máa ń bí àwọn mìíràn. Ọkùnrin kan sọ ọ́ sí mi létí pé òun ò mọ̀ pé àgọ́ ọlọ́pàá lòun gbé omi òun wá. Kó máa wí. Ìgò tí n kò bá mọ ìtàn rẹ̀, ẹ̀rọ tó wọ́n jù láyé ò lè bá mi sọ òtítọ́ nípa rẹ̀.

Èmi ni àgbà nínú àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì tó wà níbẹ̀, nítorí náà èsì kankan kì í jáde àfi tí mo bá fọwọ́ sí i. Àwọn ará àdúgbò mi ní Ìdí-Àbà ṣì gbà pé oògùn ni mò ń tà, wọ́n sì ń yan mí lódì pé n kì í ta oògùn ibà láwìn.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá kan, ìyá kan wá bá wa. (Mo ti yí díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, kí wọ́n má baà dá a mọ̀.) Aláró ni, lọ́nà Ìtòkú. Aró ti wọ èékánná rẹ̀ débi pé ọṣẹ ò lè ṣe é mọ́. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì mú ike kékeré kan jáde: tìróò. Òun ni wọ́n ń lé sójú ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ náà ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tó já gaara. Nọ́ọ̀sì kan ló ní kó kó gbogbo ohun tí wọ́n ń fi sára ọmọ náà jọ, kó sì gbé wọn wá.

Mo gbé ike náà sí àtẹ́lẹwọ́, ara sì fu mí kí n tó ṣí i. Ó wúwo. Ike tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ bíi pé ìṣó ni wọ́n rọ kún inú rẹ̀.

Oríṣi tìróò méjì ló ń bọ̀ sí ọwọ́ wa, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́ lọ́jà. Ọ̀kan jẹ́ èédú tàbí èéfín fìtílà tí wọ́n gbá jọ. Ó fúyẹ́, atẹ́gùn díẹ̀ báyìí á gbé e lọ. Èkejì jẹ́ òkúta tí wọ́n lọ̀ kúnná, tó ń dán yanranyanran tí oòrùn bá kàn án. Galena ni ìwé ń pe òkúta yẹn. Òjé (lead) àti imí-ọjọ́ (sulphur) ló para pọ̀ di í. Tí ẹ bá wọn 100 gíráàmù rẹ̀ tí kò ní àbùlà, ó lé ní 86 nínú rẹ̀ tó jẹ́ òjé. Ó sì wà nílẹ̀ wa níbí, wọ́n ń wà á ní Enyigba nítòsí Abakaliki.

Ìdí nìyẹn tí orúkọ tí wọ́n kọ sára nǹkan kì í fi í tù mí lára. Láti ìparí 2008 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn kan tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tó ń hu eyín pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà. Propylene glycol ni wọ́n rò pé àwọn rà láti fi pò ó. Diethylene glycol, tó jẹ́ májèlé, ló wà nínú rẹ̀.

Ti òjé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kíákíá. Kò sí iṣẹ́ rere kan tó ń ṣe nínú ara èèyàn. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bá jà jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu, àti pé ọmọdé lè fa òjé sára ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Kò sì dìgbà tó bá gba ojú wọlé. Ọmọ á fọwọ́ ra ojú, á ki ìka bọ ẹnu, ó parí. Ẹ rántí Zamfara ní 2010: wúrà ni àwọn èèyàn ń wá, wọn ò mọ̀ pé òjé wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nínú àgbàlá. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń rá lórí rẹ̀. Gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn. Ó kéré tán, ọmọ 400 ló bá a lọ.

Nínú láàbù, a kì í ṣe àyẹ̀wò tìróò bí a ṣe ń ṣe ti omi. Òjé tí ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà fàyè gbà kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan lọ. Mílígíráàmù kan péré nínú galena tó láti gbé omi lítà 86 dé ẹnu ààlà yẹn. Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tí ẹnì kan bá ṣí ike tìróò lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi kànga elékejì! Nítorí náà, omi ni a ń kọ́kọ́ kà, tìróò ló ń kẹ́yìn gbogbo nǹkan. Gíláàsì tirẹ̀ dá wà, ọ̀dà pupa wà ní ìdí rẹ̀, a sì ń rẹ wọ́n mọ́jú nínú omi tí a pò mọ́ nitric acid. Àgùnbánirọ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa rò pé àṣejù àgbà ni.

Òun ló wọn tìróò ìyá náà sínú bíkà. Mo ní kó pò acid náà mọ́ omi dáadáa kó tó dà á sí i, nítorí tó bá le jù, apá kan nínú òjé náà á di ìyẹ̀fun funfun tí kò ní yòrò, ẹ̀rọ ò ní rí i, èsì á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. A gbé e kaná. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ yọ, èéfín pupa rúsúrúsú tẹ̀ lé e, ohun dúdú yẹn ń yòrò díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ègé tín-tìn-tín kan tó léfòó, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Imí-ọjọ́ nìyẹn. Òjé ti wọnú omi.

Iná ti lọ ní gbogbo àkókò yẹn. Gáàsì la fi dáná. Ẹ̀rọ tó ń ka òjé ò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Ìyá náà jókòó, ó ní òun ò ní lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Mo bu díẹ̀ nínú omi acid yẹn, mo fi omi púpọ̀ là á, mo wá kán potassium iodide sí i, oògùn tó máa ń di yẹ́lò tó bá pàdé òjé, láti inú ìgò tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò iyọ̀. Kíá, ohun yẹ́lò kan dìde nínú túùbù, ó mọ́ rekete.

Ìyá wò ó, kò ya ẹnu. Ó ní, "Ọmọ mi, aró náà ń yí àwọ̀. Tí mo bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, ewé ló jọ. Kí n tó sá a tán, ó ti di dúdú aró. Ṣé aró náà ń pa ọmọ ni?"

Mo fẹ́ràn ìyá yẹn láti ìgbà náà. Obìnrin tó ń fi ojú lásán wọn kọ́sítíìkì, tó ń mọ̀ pé aró ti kú láti inú òórùn rẹ̀, ṣé èmi ni mo fẹ́ fi àwọ̀ tàn án jẹ? Ohun tí mo ti ń sọ fún àgùnbánirọ̀ látọjọ́ yìí, tó ń wò mí bí ẹni ń sọ àlọ́, òun ló sọ yẹn: ohun kan ṣoṣo tó yí padà kò tíì jẹ́rìí sí nǹkan kan.

Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, mà." Mo lọ èédú, mo fi acid kan náà sè é, mo sì kán oògùn kan náà sí i. Kò yí padà. Mo bu omi acid lásán, kò yí padà. Mo wá mú lead nitrate láti inú kọ́bọ́ọ̀dù wa, tí a mọ̀ dájú pé òjé wà nínú rẹ̀. Yẹ́lò. Mo tò ó síwájú rẹ̀, tirẹ̀ wà láàárín. Ó wò wọ́n pẹ́.

"Ṣé òun ni kò jẹ́ kí ọmọ mi sọ̀rọ̀?"

N kò lè dáhùn ìyẹn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ohun tó wà nínú ike ni mo lè sọ. Ti inú ọmọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa yẹ̀ wò, kí dókítà sì wo etí rẹ̀ pẹ̀lú, torí ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa náà kì í tètè sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà fún nọ́ọ̀sì yẹn. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa ì bá ti bá ìyá yìí dárò, kí wọ́n sì di ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ ru tìróò. N kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ní kí wọ́n jáwọ́ nínú tìróò lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyẹn ò dúró de ẹ̀rọ.

Nígbà tí iná dé, a là á, a tún là á, kí ẹ̀rọ tó lè kà á. Ó ju ìdajì ìwọ̀n tìróò náà lọ tó jẹ́ òjé. Ìyá ti mú tìróò ti aládùúgbò rẹ̀ wá nígbà yẹn, èyí tó fúyẹ́. Àgùnbánirọ̀ kọ èsì rẹ̀ pé "kò sí òjé". Mo fa igi sí i. Ẹ̀rọ wa ní ibi tí ojú rẹ̀ mọ. Ohun tí a kọ ni pé òjé inú rẹ̀ kò tó ohun tó kéré jù tí a lè kà, a sì kọ iye yẹn sí i. Ó ní èwo lèèyàn máa rí kà nínú ìyẹn. Bóyá òótọ́ ló sọ, àmọ́ n kò fọwọ́ sí tirẹ̀.

Wolé-wolé bá wa dé ọ̀dọ̀ lẹ́kulẹ́ja tó ta tìróò náà. Kò bá wa jà. Ó ní bí wọ́n ṣe gbé e wá láti òkè lòun ṣe ń tà á. Mo ní kó yàgò fún èyí tó wúwo tó ń dán. Ó rẹ́rìn-ín: "Mummy, èyí tó ń dán gan-an ni wọ́n ń béèrè!"

Wolé-wolé ti gba tìróò mìíràn lọ́wọ́ àwọn oníṣọ̀ọ̀bù tó kù. Wọ́n wà nínú àpótí tí a fi ọ̀dà pupa sí, nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ èsì kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo sọ fún un pé acetylene tí ẹ̀rọ ń lò ti tán, a ti kọ̀wé, àti pé omi kànga mìíràn ló kọ́kọ́ wà lórí ìlà tí gáàsì bá dé.