Ọdún 2025: ohun márùn-ún tí mo kọ, ọjọ́ mẹ́rin tí mo rí

Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi láàárọ̀ yìí, mo wo ohun márùn-ún tí mo kọ síbẹ̀ nínú oṣù kìíní. Ìdánwò tí mo fẹ́ ṣe kí wọ́n lè gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́: mi ò ṣe é. Òrùlé ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́: owó páànù ti ju owó tí mo kó jọ lọ. Kílò mẹ́wàá tí mo ní màá fi fúyẹ́: kílò méjì ló tún wọlé sí i. Owó ìpamọ́: ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ìkarùn-ún ni “kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá lójoojúmọ́.” Oṣù kejì ló mọ.

Ẹni tó bá ní kí n ka ohun tí mo fi ọdún yìí ṣe, ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo máa nàka sí, wọn ò sì sí nínú ìwé náà rárá.

Bengaluru, ní gúúsù Íńdíà, ni à ń gbé. Òru ni bàbá àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́ nítorí àwọn oníbàárà wọn tó wà ní Amẹ́ríkà; ọ̀sán ni tèmi. Ilé ìdáná la ti ń pàdé, bíi máíguàdì méjì tó ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi Dasara, ọdún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní gbogbo ọmọ kíláàsì òun ló ń rìnrìn àjò, àfi òun. Ìyá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ló dárúkọ Madurai, ìlú tí wọ́n bí wọn sí, ìlú tẹ́ńpìlì Meenakshi, òrìṣà obìnrin àwọn Híńdù. Ó lé ní 400 kìlómítà sí ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ fagi lé e nítorí owó.

Aago márùn-ún ìdájí October 1 la gbéra. Nàìjíríà pé ọdún 65 lọ́jọ́ náà, a sì ti sọ fún àwọn ọmọ. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n rí i pé gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá ló wọ ẹ̀gbà òdòdó: bọ́ọ̀sì, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá. Wọ́n so igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ iwájú àwọn kan. Àbúrò àkọ́bí mi, ọkùnrin, ní, “Mọ́mì, torí Nàìjíríà ni?”

Ó wù mí kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ Ayudha Puja ló bọ́ sí, ọjọ́ kẹsàn-án ọdún Navaratri (Dasara yẹn kan náà), ọjọ́ tí wọ́n ń bọ irinṣẹ́. Wọ́n á fọ mọ́tò, wọ́n á ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á fi ọsàn wẹ́wẹ́ sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ á sì tẹ̀ wọ́n fọ́ kó tó lọ. Ọjọ́ kan náà ni ti Saraswati, òrìṣà ìmọ̀: ìwé á wà níwájú ère, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kà á títí di ọjọ́ kejì. Àkọ́bí mi gbọ́ èyí, ó ní kí n bá òun tọ́jú iṣẹ́ àṣetiléwá òun dáadáa.

A jẹun ní Krishnagiri. Vada ni wọ́n gbé fún wa lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀: àkàrà ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Wọ́n kàn dá ihò sí i láàárín ni, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní urad sì ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọkùnrin mi jẹ márùn-ún, ó ní ògì dà.

A ti kọjá Salem, Namakkal ò jìnnà mọ́, nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sápá òsì. Táyà ẹ̀yìn ti jò. Bàbá àwọn ọmọ gbé èyí tó wà nínú búùtù jáde, òun náà rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Mo wojú ẹ̀, ó wolẹ̀. Oṣù mélòó ni mo ti ń sọ pé kó lọ fẹ́ ẹ?

Ìlú lọ́rì ni Namakkal; ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kan bọ́dì púpọ̀ nínú lọ́rì aláràbarà tí wọ́n ń gbé kiri Íńdíà. A rí fọganáísà kíá, bàbá àgbàlagbà kan. Àmọ́ gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ wà lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílẹ̀: sípánà láti orí kékeré dé ńlá, òòlù, irin tí wọ́n fi ń tú táyà. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà gan-an wọ òdòdó. Ìyẹ̀fun pupa kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí ẹni tó fi osùn tọ́ wọn.

Bàbá náà ti ṣiṣẹ́ rí ní Bengaluru, ó gbọ́ Kannada, èdè ibẹ̀, díẹ̀, ọmọ mi obìnrin náà sì gbọ́ ọ nílé ìwé. Òun ló di ògbufọ̀ wa. “Thatha (bàbá àgbà nìyẹn) ní àwọn irinṣẹ́ òun ń sinmi. Ó di ọ̀la.” Mo ní kó sọ pé a máa fowó kún un. Bàbá náà ò bínú. Ó wọlé, ó bu gúgúrú ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún wa. “Thatha ní gbogbo ọdún ni wọ́n fi ń bá òun ṣiṣẹ́, ọjọ́ kan ṣoṣo lòun fi ń dá wọn sí.”

Ọmọ mi wá yíjú sí mi. “Mọ́mì, ṣé àwọn ará ilé wa náà máa ń ṣe báyìí?”

“Rárá,” mo ní. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí inú mi tó mọ̀. Bàbá àwọn ọmọ wúkọ́. Ó mọ orúkọ tí ilé wa ń jẹ́ kí wọ́n tó yí i.

Awakọ̀ lọ́rì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi táyà tẹ ọsàn tiẹ̀ tán ló gbà wá. Ó fa rọ́bà láti inú táǹkì afẹ́fẹ́ lọ́rì rẹ̀, ó fi fẹ́ táyà búùtù. Jáàkì àti sípánà wa la fi pààrọ̀ rẹ̀; àwọn ìyẹn ò tíì wọnú ìsinmi. Nígbà tí a parí, bàbá fọganáísà gba sípánà náà, ó nu girísì orí rẹ̀ mọ́ aṣọ ìró ara rẹ̀, ó ti ìka bọ ìyẹ̀fun pupa yẹn, ó fi kàn án. Lẹ́yìn náà ó fi kan iwájú orí ọmọ mi, ó wá wò mí bóyá inú máa bí mi. Inú ò bí mi.

Ọjọ́ kejì la wọ tẹ́ńpìlì. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti fòfin de fóònù níbẹ̀, nítorí náà ẹ má retí fọ́tò. Ilé gogoro ẹnu ọ̀nà mẹ́rìnlá ló ní, èyí tó wà ní gúúsù ga tó mítà 52, ère aláràbarà bò ó láti ìsàlẹ̀ dókè. Gbọ̀ngàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ̀rún Òpó. Òpó 985 ló wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin mi kà á dé ogójì, ó jáwọ́. A dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Híńdù ò gbọdọ̀ kọjá, a dúró. Obìnrin Yorùbá ni mí, Orò ti kọ́ mi pé ibì kan wà tí a kì í dé.

Meenakshi ló nilé. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí, kí wọ́n tó lọ kí ọkọ rẹ̀. Lálaalẹ́ ni wọ́n sì ń fi àga gbé ọkọ náà lọ sí yàrá rẹ̀, pẹ̀lú ìlù àti fèrè. A dúró wò ó. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n má fi kọ́gbọ́n.

Adágún kan wà nínú ọgbà náà, òdòdó wúrà kan ló dúró sáàárín rẹ̀. Ìtàn wọn sọ pé níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dán iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé wò láyé àtijọ́: wọ́n á ju ìwé sómi, èyí tó dáa á léfòó, èyí tí ò dáa á rì. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, mo rántí ìwé tèmi. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ti rì ná. Ìkarùn-ún nìkan ni mi ò lè sọ.

Ọjọ́ kẹta a mu jigarthanda, wàrà tútù aládùn tó ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun bí ilá. Ọjọ́ kẹrin, ọ̀nà ilé. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo ti ń bọ̀ wá sọ.

Mo pe bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ṣí sípíkà, mo ní, “Bàbá, ọmọ ọmọ yín ní ìbéèrè.” Díákónì ni wọ́n nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Mo rò pé wọ́n á ní ká gbàdúrà. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ ni bàbá àwọn. Lọ́jọ́ ọdún Ògún, ẹwìrì ò ní fẹ́, ẹ̀mú àti ọmọ owú á wà nílẹ̀, màrìwò lẹ́nu ọ̀nà, ajá, ẹ̀sun iṣu, ẹmu. (Ọmọkùnrin mi ní, “Ṣé ajá náà gbà?”) Wọ́n ní ilé ìwé làwọn ti yọ Ògún kúrò níwájú orúkọ wa, táwọn fi Olú rọ́pò rẹ̀. Wọ́n wá kì í: Ògún lákáayé, ó láṣọ nílé fi màrìwò bora. Ọmọ mi tún un sọ títí ohùn “màrìwò” fi bọ́ sójú ẹ̀.

Ó béèrè ibi tí àwọn irinṣẹ́ náà wà báyìí. Díákónì dákẹ́. Wọ́n ní ọmọ owú kan ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn, ọdọọdún làwọn sì ń ta epo pupa sí i.

“Kó má baà dógùn-ún ni o,” wọ́n ní. “Kò sí nǹkan mìíràn ńbẹ̀.”