Mọ́tò Àlòkù, Ọ̀nà Jíjìn, Nítorí Jẹjẹrẹ

Jẹjẹrẹ ọmú ló mú àǹtí mi lọ ní Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí èmi àti àbúrò ìyàwó mi fi wọ Shitbox Rally, ìrìn-àjò mọ́tò àlòkù tí wọ́n fi ń kó owó jọ nítorí jẹjẹrẹ, ní Australia níbí. James Freeman ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2010, lẹ́yìn tí àrùn jẹjẹrẹ pa ìyá àti bàbá rẹ̀. Mọ́tò olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń gbé lọ, ẹni méjì nínú ọkọ̀ kan. Owó tá a bá rí kó jọ ń lọ sọ́dọ̀ Cancer Council, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ, fún ìwádìí.

Ọ̀nà yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi! Oodnadatta Track gùn ju kìlómítà 600 lọ, kò sí ọ̀dà níbẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó ń rin wá léyín. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé William Creek, rọ́bà omi rédíétọ̀ wa bẹ́. Ká tó sọ̀kalẹ̀, àwọn mìíràn ti dúró tì wá. Màmá àgbà kan fi ọ̀bẹ gé ibi tó bẹ́ kúrò, ó fi wáyà dè é pinpin. Ó ní ọkọ òun ni òun ń rìn fún.

A tún ń lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ará wa ní Melbourne, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i, ì báà ṣe dọ́là márùn-ún.