Ọkọ mi náà ṣe àyẹ̀wò

Nọ́ọ̀sì na ike kékeré olómorí pupa tí wọ́n fi ń gba àtọ̀ fún àyẹ̀wò sí ọkọ mi láàárọ̀ yìí, ó gbà á, kò janpata. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wojú Olúwa fún ọmọ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré! Obìnrin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nàka sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà ni ìṣòro ti ń wá lọ́pọ̀ ìgbà.

A ò tíì dìde nílé ìwòsàn tí ìyá ọkọ mi fi pè mí. Ọkọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi: "Màámi, àwa méjèèjì la jọ ń wá ọmọ o." Ó tán. Ká sòótọ́, gbólóhùn yẹn tù mí lára ju gbogbo "Ọlọ́run á ṣe é" táwọn èèyàn ń kì mí lọ. Èsì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.