Kannólì Tí Kò Níhò Nínú

Alẹ́ Ọjọ́ Ajé, Ilé-Ifẹ̀

Òórùn èèpo ọsàn kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi láti àná. Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo bá gbé ọwọ́ sún mọ́ imú báyìí, ọsàn ni, àti bọ́tà díẹ̀, àti èéfín èédú.

Àbúrò mi tó ń gbé ní Palermo, ìlú kan ní erékùṣù Sicily ní ilẹ̀ Ítálì, ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tòun ti ìpápánu kan lọ́wọ́. Nǹkan ọ̀hún gùn roboto, wọ́n dín in pupa, ihò ti orí ẹ̀ dé ìdí, wọ́n wá fi nǹkan funfun kan kún ihò náà dé ẹnu. Ó gé e jẹ, ó dún kàù. "Àǹtí mi, ẹ gbọ́ bó ṣe dún? Kannólì nìyí o." Mo ní kí ló wà nínú ẹ̀. Ó ní wàrà ni. Wàrà kẹ̀? Ṣé wàrà tí à ń rà ní Sábó yìí? Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní wàrà àgùntàn ni tiwọn, ricotta ni wọ́n ń pè é, ṣúgà ni wọ́n sì ń pò mọ́ ọn.

Ṣúgà nínú wàrà! Ata àti iyọ̀ ni mo mọ̀ mọ́ wàrà láti kékeré. Mo kọ́kọ́ rò pé òyìnbó ló gbé ìṣe wọn dé. Àbúrò mi wá sọ fún mi pé àwọn Lárúbáwá ló jọba ní Sicily láti ọ̀rúndún kẹsàn-án títí di ìkọkànlá, pé àwọn ló kó ìrèké àti oríṣiríṣi igi ọsàn wọ erékùṣù náà. Àsìkò àríyá tó máa ń ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni wọ́n ń jẹ kannólì látijọ́. Ní báyìí ojoojúmọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í kún inú ẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí ẹni tó máa jẹ ẹ́ bá dúró níwájú wọn ni wọ́n tó ń kún un, kí ẹ̀yìn ẹ̀ má baà rọ̀.

Ihò yẹn ló mú mi lójú jù. Àbúrò mi ní inú orúkọ ẹ̀ gan-an ló wà: canna ni wọ́n ń pe igi kan tó rí bí esùsú, tó níhò nínú. Gígé ẹ̀ ni àwọn àgbà ibẹ̀ ń wé ìyẹ̀fun pípò mọ́ kí wọ́n tó dín in nínú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Irin ni wọ́n ń lò lóde òní. Èmi ò ní irin, ṣùgbọ́n ọparun ò wọ́n ní Ifẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣán koríko gé mẹ́fà fún mi, mo ha á, mo sè é, mo sá a sóòrùn. Wáìnì Marsala ni wọ́n fi ń pò ó lọ́hùn-ún. Bàbá àwọn ọmọ mi ní òun mọ ibi tí ògógóró gidi wà. Mi ò dá a lóhùn. Fínígà ni mo lò.

Mo fi ìgò yí ìyẹ̀fun náà títí ó fi fẹ́lẹ́, mo fi ẹnu ife gé e roboto, mo wé e mọ́ ọparun, mo fi funfun ẹyin lẹ̀ ẹ́, mo jù ú sínú òróró. Èyí àkọ́kọ́ ṣí sílẹ̀ bí ìwé tí atẹ́gùn fẹ́. Ìkejì lẹ̀ mọ́ ọparun, ó lóun ò bọ́. Ìkẹta ṣe bí ẹni tó máa dáa. Bí mo ṣe fà á báyìí, ó fọ́ sí méjì, ìdajì kan já padà sínú òróró, ó ta sí mi lápá. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀kan ṣoṣo ló jáde ní odindi, òun náà sì wọ́ bí etí ìkòkò amọ̀.

Ọmọbìnrin mi àbígbẹ̀yìn ò mọ̀ pé nǹkan kan bàjẹ́. Ó jókòó ti abọ́, ó ń ṣa àfọ́kù, ó ń fi í bu wàrà oníṣúgà, ó ń jẹ ẹ́ lọ ràì. Mo dúró, mo ń wò ó. Kò sí ohun tó wà nínú fídíò àbúrò mi tí kò sí lẹ́nu ọmọ yẹn, àfi ihò. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé mo máa pa ihò tì, mo máa fi gbogbo ẹ̀ ṣe kúkíìsì.

Wàhálà wàrà ló kù. Mo kọ́kọ́ ní mo fẹ́ ricotta gidi. Ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀ ni asètúnsè: bí wọ́n bá ti kó wàrà àkọ́kọ́ kúrò, omi tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń gbé padà sórí iná, tí nǹkan funfun mìíràn á tún léfòó. Mo lọ bẹ ìyá oníwàrà ní Sábó pé kó fún mi ní omi wàrà. Ó wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe, ó da gálọ́ọ̀nù kan fún mi, kò gba kọ́bọ̀. Mo gbé e kaná, ó hó, ó hó, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Èyí tí mo rí sẹ́ kò kún ṣíbí ìmutíì kan. Nígbà tí mo pe àbúrò mi ló tó yé wa. Wàrà tọ̀hún, lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán ni mílíìkì ẹ̀ ń lọ́ nígbà tí wọ́n bá mú un dì, nítorí náà ohun tí iná ìbá mú ṣì kù nínú omi. Tiwa ńkọ́? Wọ́n ń fi omi ewé bòmubòmu sí mílíìkì lórí iná ni, wọ́n á sì sè é títí tí gbogbo ẹ̀ á fi dì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá oníwàrà ti kó tiẹ̀, ó ti kó tèmi mọ́ ọn.

Mo bá ra wàrà funfun tí wọn ò tíì dín. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa nítorí ìkorò ewé yẹn, mo dì í sínú aṣọ tí mo fi ń sẹ́ ògì, mo gbé ọmọ ọlọ lé e lórí di ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe bíi tèmi ní Sátidé o: mo kàn fọwọ́ rún un sínú ìyẹ̀fun, mo rò pé ooru á yọ́ ọ. Wàrà wa kì í yọ́! Kóró kóró ló wà nínú kúkíìsì, bí eyín ọmọdé. Lánàá mo lọ̀ ọ́ nínú bílẹ́ńdà pẹ̀lú mílíìkì ṣíbí méjì títí ó fi kúnná bíi kíríìmù, kí wọ́n tó mú iná lọ.

Ife wàrà lílọ̀ kan, ife fúláwà méjì, bọ́tà tó tó ìdajì ife, ṣúgà tó lé díẹ̀ ní ìdajì, ẹyin kan, ṣíbí ìmutíì kan páúdà tó ń mú nǹkan wú, iyọ̀ fín-ín-fín, sínámọ́nì díẹ̀. Mo na bọ́tà àti ṣúgà títí ó fi funfun, mo da wàrà sí i, ẹyin tẹ̀ lé e, fúláwà gbẹ̀yìn. Ó lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Mo gbé abọ́ náà sínú omi tútù fún wákàtí kan kó tó ṣeé fi ṣíbí bù.

Pistachio, èso kan bí ẹ̀pà tí inú ẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ni wọ́n ń wọ́n sí etí kannólì. Ti ìlú Bronte, lẹ́bàá òkè Etna tó ń yọ iná, lókìkí jù, àbúrò mi sì ní owó ẹ̀ ò ṣeé sọ lálẹ́. Ẹ̀pà sísun ni mo gún ní tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run: ọsàn wa kì í pọ́n lẹ́yìn bí tòyìnbó, bó ti wù kó dùn tó, ewé ni àwọ̀ ẹ̀. Mo fi irin tí mo fi ń rin kárọ́ọ̀tì rin èèpo méjì sínú ẹ̀, ó wá rí tó-tò-tó ní àwọ̀ ewé bí ẹni pé pistachio ló wà níbẹ̀. Dípò ṣokoléètì, mo yan kòkó gbígbẹ tí mo bù nínú àpò bàbá mi àgbà, mo bó o, mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Inú oko kòkó ni a dàgbà sí, a lá omi ara ẹ̀ títí ahọ́n fi yi. Ṣokoléètì ni a kì í rí. Kòkó náà korò díẹ̀, ó sì bá a mu gan-an.

Mi ò ní ààrò. Iyanrìn gbígbẹ nínú ìkòkò irin, agolo mẹ́ta lórí iyanrìn, àwo lórí agolo, ọmọrí, èédú pípọ́n lórí ọmọrí. Ìsọ̀rí àkọ́kọ́ jó nídìí nítorí mo kánjú. Ìkejì gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó pọ́n létí, ó rọ̀ láàárín.

Ìyá ọkọ mi jẹ mẹ́rin, ó ní, "Ìyàwó, bisikíìtì oníwàrà yìí dára." Àbúrò mi ní tòun ò gbà. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú o, nǹkan tí kò níhò kì í ṣe kannólì." Mo ní kó wá jẹ ẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó fi ẹ̀rín ránṣẹ́ padà.

Láàárọ̀ yìí mo wé mẹ́ta sínú láílọ́ọ̀nù, mo gbé e lọ fún ìyá oníwàrà. Ó jẹ ọ̀kan, kò sọ̀rọ̀. Ó fọ́ èkejì, ó gbóòórùn inú ẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀kẹta, ó so ó mọ́ etí ìró fún ọmọ ẹ̀.

"Kọ́sítọ́mà, kí lẹ ń pe eléyìí?"

"Kannólì ni."

Ó mi orí. "Wàrà ni." Ó ka èyí tí mo rà sínú abọ́ mi, ó sì fi méjì ṣe ẹ̀ní.