Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ asáré wa

Sátidé tó kọjá yìí, èèyàn márùn-ún péré la wà níwájú géètì UI, Yunifásítì Ìbàdàn, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Márùn-ún o! Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, kò sì tíì dá tán, ó kàn wá ń fọ́n wínníwínní ni, mo fi náílọ́ọ̀nù wé ìwé orúkọ tó wà lọ́wọ́ mi bí ẹni ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, mo kọ orúkọ àwa márààrún sí i, ni mo bá ní kí n kúkú ṣí i sẹ́yìn kí n wo iye tí a jẹ́ ní Sátidé kejì nínú oṣù Jánúárì. 63.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì tó ń na ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo na ìwé sí i, ó wò ó, ó wo ojú ọ̀nà, ó ní "àwọn 58 tó kù yẹn ńkọ́, àbí wọ́n ti dé ibi tí wọ́n ń sáré lọ ni?"

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀, ẹgbẹ́ asáré kékeré kan la ní n'Ìbàdàn níbí, kò sí ọ́fíìsì, kò sí fọ́ọ̀mù, owó píọ̀ wọ́tà nìkan la máa ń dá. Bàbá Kóòṣì tó kó wa jọ jẹ́ tíṣà eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì, ó ti lé ní 70 ọdún, síbẹ̀ bó bá fọn fèrè ẹ̀ ní géètì, àwọn ọlọ́kadà gan-an máa ń dúró. Ní 2021 ló gbé ìwé orúkọ lé mi lọ́wọ́, ó ní torí wípé ìkọ̀wé mi ṣeé kà, kò sí nǹkan mìíràn tí mo fi ju àwọn tó kù lọ. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, ẹ má wulẹ̀ fi kàlẹ́ńdà hàn mí, ìwé yẹn ni mo fi ń mọ ibi tí ọdún dé.

Jánúárì ló máa ń kún jù. Gbogbo kánfáàsì á funfun báláú, gbogbo èèyàn ti jẹ ìrẹsì Kérésì àti ti ọdún tuntun yó tán, wọ́n wá ń wá ibi tí wọ́n máa yọ́ ọ sí. Ọyẹ́ náà á wá mú. Ẹni tó bá ti sáré nínú ọyẹ́ rí ló mọ ohun tí mò ń sọ, ilẹ̀ kì í tètè mọ́ nígbà yẹn, ó máa ń tó aago méje kí oòrùn tó yọ, eruku á ti bo gbogbo ojú ọ̀run, tí ẹ bá gba UI bọ́ sí Bódìjà, tí ẹ gba Sẹkitéríàtì dé Mọ́kọ́lá, tí ẹ wá ń gun òkè Premier Hotel, ẹ ò ní rí òtẹ́ẹ̀lì ọ̀ún àfi tí ẹ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ forí sọ ọ́. Imú á gbẹ, ètè á là, Ìyá Ìbejì ló máa ń gbé òrí wá nínú ike kékeré, ẹni tó bá ti dé á ki ìka bọ̀ ọ́. Ohun tí àwọn ẹni tuntun kì í mọ̀ ni wípé ẹlẹ́tàn ni ọyẹ́, òtútù ń mú ẹ, o ò rí òógùn lára, o rò pé o ò làágùn, irọ́ ni, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló ń gbẹ òógùn ọ̀ún kó tó kán sílẹ̀, kó o tó mọ̀ orí ti ń fọ́ ẹ, ojú ti ń ṣú. Dọ́kítà kan wà láàárín wa tó máa ń fi tipátipá fún èèyàn lómi mu, ẹni tó bá sì ní ikọ́ fée, lọ́jọ́ tí eruku bá ti pọ̀ jù, ilé ló máa ń dá a padà sí, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi ará Jánúárì ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò sí ńbẹ̀ jàre. Ará Jánúárì lèmi náà. 2019 ni mo wá, ṣòkòtò tí mo dá fún ìgbéyàwó àbúrò mi kò gba ìdí mi mọ́ lẹ́yìn oṣù méjì péré, ni mo bá fi ìbínú wá. Mo sáré fún Sátidé mẹ́fà, ní èkeje mo sá lọ.

Fẹ́búárì, Èkó ni. Láti 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ márátọ́ọ̀nù Èkó, oṣù kejì ni wọ́n máa ń sá a, àwa tí a bá forúkọ sílẹ̀ á wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọníyà, a ó sọ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ibẹ̀ kò kúkú jìnnà sí Sùúrùlérè tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ níwájú National Stadium. Kìlómítà 42 ó lé mítà 195. Ká má purọ́, mẹ́ta péré nínú wa ló ti sá a tán rí, èmi kọ́. Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Third Mainland ló dá mi dúró. Afárá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, ẹ máa ń rò pé ẹ mọ̀ ọ́n torí ẹ ti jókòó nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lórí ẹ̀, ẹ ò mọ̀ ọ́n o, ẹ lọ fẹsẹ̀ gbà á nígbà tí oòrùn bá ti yọ, kò sí igi, kò sí ibòji, omi ọ̀sà lọ títí tí ẹ ò sì lè mu ún. Àwọn ará Kẹ́ńyà ti dé Eko Atlantic, wọ́n ti gba ẹ̀bùn wọn, bóyá wọ́n tiẹ̀ ti wẹ̀, èmi ṣì ń bá afárá sọ̀rọ̀. Bí a bá ti dé Ìbàdàn padà, àwọn tó gba mẹ́dàlì á fi kọ́rùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè, a kì í bá wọn wí.

Àsìkò yẹn náà làwọn ilé ìwé ń ṣe ìntáháòsì, a sì máa ń bá wọn dá sí i. Bàbá Kóòṣì á fọn fèrè, Dọ́kítà á gbé àpótí òògùn, èmi lèmi máa ń fi ẹfun fa ìlà. Pápá ọ̀pọ̀ ilé ìwé kò tó mítà 400 yípo, a máa wọ̀n ọ́n, a máa rí i pé bíi 250 ni, a wá ní láti jókòó ṣírò ibi tí ẹni tó wà lójú ìlà ìta máa ti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn òbí Háòsì Pupa má baà bá wa jà (wọ́n ti bá wa jà rí, ìyá kan tiẹ̀ tú gèlè). Ohun tó yàtọ̀ láti ọdún mélòó kan ni wípé àwọn ọmọbìnrin ló wá ń béèrè eré tí wọ́n ń fo igi. Ní 2022 ni Tobi Amusan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde sá mítà 100 onígi ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene l'Amẹ́ríkà, kò sí obìnrin tó sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé títí di ọjọ́ náà, fídíò ẹ̀ wà lórí fóònù gbogbo ọmọ, wọ́n á to bẹ́ǹṣì ìjókòó síta wọ́n á máa fò ó. Bàbá Kóòṣì ò ní jẹ́ kó tán síbẹ̀, á ní "Fálílà ńkọ́?" Falilat Ogunkoya ọmọ Ode-Lemo ló ń sọ, tó gba idẹ nínú eré mítà 400 ní Atlanta ní 1996, ìṣẹ́jú àáyá 49.10. Bàbá máa ń ka 49.10 yẹn síta bí ẹni ń ka nọ́mbà fóònù ìyàwó ẹ̀.

Máàṣì wọlé, ìwé orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ooru ni. Kódà aago márùn-ún ààbọ̀ tí a bá bẹ̀rẹ̀, bí ẹni wà nídìí ààrò ni. Ààwẹ̀ Rámádáánì náà ń rìn, bí ọjọ́ 11 ló fi ń sún síwájú lọ́dọọdún, láti bí ọdún mélòó kan ó ti bọ́ sínú Máàṣì àti Fẹ́búárì, nínú ooru yìí gan-an, àwọn Mùsùlùmí inú wa á wá yí aago wọn padà, wọ́n á máa sá kìlómítà mẹ́ta jẹ́ẹ́jẹ́ nígbà tó bá ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ń parí, omi àti dàbínù ló kàn. Èmi tí mi ò gbààwẹ̀ máa ń bá wọn sá a, torí àkàrà tí wọ́n fi ń ṣínu. Éépìrì, mángòrò. Méè, àwọn olórí kunkun inú wa á lọ sí Okpekpe ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, kìlómítà 10 lórí òkè, láti 2013 ni wọ́n ti ń sá a, ẹni tó bá ti gun òkè Premier lẹ́ẹ̀mẹ́wàá rò pé òun ti mọ òkè, ẹ̀rọ̀ pẹ̀sẹ̀ ló máa ń bá dé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òjò wá dé pátápátá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Òjò máa ń lé èèyàn ju ooru lọ. Kánfáàsì tó tutù lọ́jọ́ Sátidé kì í gbẹ títí di Túsìdeè, ìwé ìròyìn la máa ń kì bọ inú ẹ̀. Máíkírà á gba inú kòtò kọjá, á da omi pupa lé ẹ lórí láti òkè délẹ̀, dẹ́rẹ́bà á tún yọjú sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́ o, spọ́ọ̀tù!" Egúngún tún wà níbẹ̀. Júnù sí Júláì ni Ìbàdàn ń ṣọdún Egúngún, obìnrin ò sì gbọdọ̀ rí egúngún Olóòlù, ìyẹn kì í ṣe àwàdà nílùú yìí, ọjọ́ tó bá ń jáde, láti alẹ́ àná ni Bàbá Kóòṣì á ti kéde lórí WhatsApp pé a ò wọ inú ìlú, inú UI la máa yípo. Àwọn kéékèèké tó ń mú àtòrì kiri yẹn ló máa ń yọ wá lẹ́nu ní tiwa. Ọdún méjì sẹ́yìn a lọ gun òkè Ààrẹ, níbi Láyípo, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 yẹn, bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ la já lu ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀, ṣòkòtò péńpé ló wà nídìí wa, a sì ti ń sáré bọ̀ tẹ́lẹ̀, egúngún rò pé torí òun là ń sá, ló bá gbá tẹ̀lé wa! Ọmọ yunifásítì kan tó ń fi fóònù wọn eré wa sọ lẹ́yìn náà pé kìlómítà yẹn la tíì sá yára jù látìgbà tí a ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bàbá Kóòṣì ní ká lọ wá egúngún ọ̀ún kàn, ká máa sanwó oṣù fún un.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, mo fẹ́ràn òjò ju Jánúárì lọ. Ara á tutù, oòrùn ò ní yọ dé aago mẹ́jọ nígbà mìíràn, ẹ ó gbọ́ ẹsẹ̀ ara yín lórí títì. A ò pọ̀, a máa ń sọ̀rọ̀. Inú òjò ni mo ti mọ̀ pé Ìyá Ìbejì ti sáré fún ìpínlẹ̀ nígbà tó wà nílé ìwé, inú òjò ni Bàbá Kóòṣì ti sọ bí omíyalé Ògùnpa 1980 ṣe bá a ní Ìbàdàn, àti ìdí tó fi jẹ́ pé bí òjò bá ti ń rọ̀ tó ń le sí i, kò ní jẹ́ ká gba ojú odò kankan kọjá, bó ti wù kí ọ̀nà ọ̀ún kúrú tó. Bí a bá sì parí, àgbàdo tútù ni, ti sísè, pẹ̀lú àgbọn, lọ́dọ̀ màmá kan tó mọ̀ wá débi wípé kì í bi wá mélòó mọ́.

Inú òjò náà ni mo fi padà ní 2019. Júnù ni. Mo ti gbàgbé wọn, mo rò pé wọ́n ti gbàgbé mi, fóònù dún láàárọ̀ Fúráìdè kan, Bàbá Kóòṣì ni, mo ti ń wá irọ́ tí mo máa pa sílẹ̀, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ní "Ọmọ mi, orúkọ ẹ ṣì wà nínú ìwé o, n ò fagi lé e." Ó parí. Ojú tì mí débi wípé n ò sùn dáadáa mọ́jú. Ìgbà tí wọ́n wá gbé ìwé fún mi ni mo tó ṣàkíyèsí pé òótọ́ ni, kò sí orúkọ kankan tí wọ́n fagi lé láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan ti àwọn tó ti kó lọ sí Kánádà.

Ọ́gọ́ọ̀sì, òjò á sinmi díẹ̀, iṣu titun á dé. Sẹ̀tẹ́ńbà sí Nòfẹ́ńbà kò ní ìtàn púpọ̀, a máa ń gun òkè, a máa ń jẹ ọsàn, èèyàn á máa yọjú ní méjì méjì. Dìsẹ́ńbà làwọn ará Lọ́ńdọ̀nù máa ń dé, pẹ̀lú aago ọwọ́ tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n á sá kìlómítà méjì nínú ooru Ìbàdàn, wọ́n á ní kí a jẹ́ kí àwọn rìn díẹ̀. Agbálùmọ̀ ti dé nígbà yẹn, ọyẹ́ ti ń yọ imú bọ̀, kánfáàsì funfun ti wà lọ́jà.

Sátidé tó kọjá yẹn ṣá, lẹ́yìn tí a jẹ àgbàdo tán, mo jókòó sábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, mo ní kí n pe ẹnì kan nínú àwọn 58. Mo fi ìka tọ́ orúkọ kan láìwò, ó bọ́ sí orí àǹtí aláṣọ kan tó wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní Jánúárì. Mo pè wọ́n, mo ní ẹ káàárọ̀ mà, orúkọ yín ṣì wà nínú ìwé o.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní "Àbúrò mi, ṣé o ò rí òjò tó ń rọ̀ ní Sàǹgó níbí ni?"

Mo ní "Ó ń rọ̀ ní géètì UI náà mà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, aago mélòó gan-an la ní a máa ń bẹ̀rẹ̀?