Yìnyín Ká Wa Mọ́ Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí sùúrù yín ṣe gùn tó, ẹ kó ọmọ méjì sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ gba ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lásìkò òjò àkọ́rọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n títì náà tóóró, etí rẹ̀ ti jẹ, tírélà ńwájú, tírélà lẹ́yìn. Ọdún Àjíǹde là ń lọ ṣe lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó mi. Láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, kò sí ìròyìn kankan, àfi ooru.

A ti fi Ọ̀yọ́ sílẹ̀ dáadáa kí ojú ọ̀run tó ṣú lápá ìlà-oòrùn. Ìjì ló kọ́kọ́ dé, ó ń gbá eruku pupa. Òjò tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà la gbọ́ "kó!" lórí ọkọ̀. Ìyàwó mi ní, "Ta ló ń sọ wá lókò?" Kó. Kó-kó. Kí a tó ṣẹ́jú, yìnyín tó tó èkùrọ́ ti ń já lu títì, ó ń ta sókè padà. Ọmọ mi ọkùnrin bú sẹ́kún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń pàtẹ́wọ́. Ibi tí mo ti ń wá ibi tí màá yà sí ni ọ̀kan ti ba gíláàsì iwájú, ó sì sán láti igun dé àárín.

Bí a ṣe rí ilé epo kan nìyẹn. Mo ní Ọlọ́run ṣé o. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi láílọ́ọ̀nù bo orí na igi dí ẹnu ọ̀nà. "Ọ̀gá, ₦1,000 ni tiwọlé o, torí ẹ ò ra epo." Mo ní màá ra epo. Ó ní àwọn ti pa ẹ̀rọ nítorí mànàmáná. Ẹ gbọ́ mi kẹ̀! Wọn ò ta epo, ẹni tí kò ra epo sì gbọ́dọ̀ san owó. Mo san án, torí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn. Abẹ́ òrùlé ọ̀hún ṣófo bí ọjà alẹ́ tó tú.

Yìnyín náà ò pẹ́. Bó ṣe dá, àwọn ọmọ ti wà nílẹ̀, wọ́n ń ṣà á sínú abọ́ oúnjẹ wọn. Àgbà wọn bu ọ̀kan jẹ, ó yẹ inú rẹ̀ wò: ó funfun lóde, àárín rẹ̀ mọ́ kedere. "Dádì, ta ló gbé fíríìjì sókè?" Mo ní atẹ́gùn líle ló ń gba omi òjò lọ sókè réré, níbi tí òtútù ti ń mú kí omi dì. Bí ó bá ti wúwo ju ohun tí atẹ́gùn lè gbé, á já bọ́. Ó wò mí bíi pé mo ń parọ́.

Ìyá oníyán kan tí búkà rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé epo ló pè wá. "Ẹ kú ewu o. Ẹ kó àwọn ọmọ yẹn wá sídìí iná." Ìjì ti ká páànù kan lórí búkà tirẹ̀ náà, máńgòrò tútù sì ti wọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé. Ó ní èyí tí àwọn ì bá tà lọ́dún yìí nìyẹn. Síbẹ̀ iyán rẹ̀ gbóná, kò ní kókó, ẹ̀fọ́ rẹ̀ kún fún ẹran, kò sì gba kọ́bọ̀ lórí tàwọn ọmọ. Yìnyín tí ọmọ mi ṣà ló tọrọ. Ó da díẹ̀ sínú ife omi rẹ̀, ó ní iná ọba ti ta àwọn nù, ẹ jẹ́ kí òun náà mu omi tútù.

Ẹ̀yin tí ẹ bá máa gba ọ̀nà yẹn, ẹ fi sẹ́lótéèpù sínú ọkọ̀. Òun la fi dí gíláàsì yẹn títí a fi wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ má sì dá lọ bá oní-gíláàsì. Èyí tí a bá ní Sábó gbọ́ ohùn Ìbàdàn lẹ́nu mi, ó ní ₦95,000, pé yìnyín ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Yìnyín ọ̀sán ọjọ́ yẹn! Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí: "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ẹgbẹ́ rẹ lo fẹ́ rẹ́ jẹ?" Wọ́n jọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n bèèrè agbo ilé ara wọn, ó sì fi í sílẹ̀ ní ₦60,000. Ó tún nu ọkọ̀ fún wa.